Mo ń tajà l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́, mo sì ń ṣe NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn ti lè máa kàwé láti ilé. Báwo ni kí n ṣe máa kàwé?

Ẹ kú làálàá. TMA, iṣẹ́ àṣetiléwá tí ẹ máa ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ́kùn-únkúndùn: máàkì 30 nínú 100 ló ní, ìdánwò ló ni 70 tó kù. Ẹ má dúró dọjọ́ tó máa parí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dáni lágara.

Ẹ wa ìwé kọ́ọ̀sì yín sórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Bí ọjà bá dá, ẹ ka ojú ewé mẹ́ta, ẹ dojú fóònù dé orí tábìlì, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ohun tí ẹ kà. Ibi tí ẹ bá ti kọsẹ̀, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ tún ara yín bi lọ́la, àti lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ará Jámánì, ti fi ara rẹ̀ dán an wò: ohun tí a pín kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ máa ń pẹ́ lórí ju àkọ́pọ̀ lọ.