Ṣé kí a sọ kóòdù àtijọ́ dọ̀tun ni, àbí kí a gbé RxJS wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. jQuery, láíbìrì JavaScript kan (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀), ni a fi kọ ìkànnì tí a fi ń ta aṣọ wa ní Balógun láti 2013. Ẹnìkan nínú wa ní kí a sọ kóòdù náà di JavaScript òde òní, ẹnìkejì ní RxJS, láíbìrì tó ń darí ìsọfúnni tó ń ṣàn wọlé, ló kàn. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì kì í ṣe orogún ara wọn. Ìsọdọ̀tun kóòdù jẹ mọ́ bí a ṣe kọ ọ́. RxJS jẹ mọ́ bí ìsọfúnni ṣe ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà tí ES2015, ẹ̀dà JavaScript ti 2015, ti mú let àti const (tí a fi ń sọ ohun lórúkọ) àti Promise (ìlérí èsì tí kò tíì dé) wá, tí async/await, ọ̀nà tó rọrùn láti dúró de Promise, sì tẹ̀lé e ní 2017, callback (iṣẹ́ tí a ní kó ṣẹlẹ̀ nígbà tí èsì bá dé) márùn-ún tí ẹ há sínú ara wọn ti di ohun tí ènìyàn lè kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oníbàárà kò ní rí ìyàtọ̀ kankan; ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ ni ara yóò tù.

Àṣìṣe ọ̀pọ̀ ni pé wọ́n rò pé async/await ń wo gbogbo àrùn. Ẹ wo àpótí ìṣàwárí yín. Bí oníbàárà bá tẹ “ankara”, lẹ́tà mẹ́fà ni, ìbéèrè mẹ́fà sì lè lọ sí sáfà. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ń fà, bó ṣe máa ń rí lọ́jà lọ́sàn-án, èsì “an” lè dé lẹ́yìn èsì “ankara” kó sì bò ó mọ́lẹ̀, aṣọ tí oníbàárà kò bèèrè ni yóò wá rí. Promise kọ̀ọ̀kan ń mú èsì tirẹ̀ bọ̀ ni, kò mọ̀ pé òmíràn ti gba ipò òun. Nínú RxJS, debounceTime(300) yóò dúró títí ìka yóò fi sinmi fún 300 mílísẹ́kọ́ǹdù, switchMap yóò sì pa ìbéèrè àtijọ́ tì.

Síbẹ̀, n kò ní torí àpótí kan ṣoṣo gbé odidi láíbìrì wọlé: setTimeout (tó ń sún iṣẹ́ síwájú díẹ̀) àti AbortController (tó ń fagi lé ìbéèrè), tó ti wà nínú bíráwúsà, tó iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ sọ kóòdù dọ̀tun ná, fáìlì kan lẹ́yìn èkejì. Bí ìròyìn bá wá ń ya wọlé láìdúró ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí iye aṣọ tó kù nílẹ̀ tàbí ibi tí ẹni tó ń gbé ẹrù lọ sí Súrùlérè dé, nígbà náà ni gbígbé RxJS wọlé yóò lérè. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé unsubscribe, ìyẹn àṣẹ tó ń dá gbígbọ́ ìròyìn dúró. Èmi gbàgbé rẹ̀ rí níbi iṣẹ́ kan ní Yábàá: gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá kúrò lójú ìwé ọjà tó tún padà síbẹ̀, etí tuntun kan ni à ń fi kún un, tó fi jẹ́ pé kí ọ̀sán tó pọ́n, bíráwúsà ti ń wọ́.

Ojú ìwé ìsanwó ni kí ẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ìdánwò tí yóò máa ṣọ́ ọ.