Ọmọ Ẹṣin Tó Ń Tàpá Bí A Bá Dì Í Ní Gàárì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹṣin wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ti pé ọdún 2 ààbọ̀. A fẹ́ kí ọmọ wa gùn ún lọ sí Ojúde Ọba, ṣùgbọ́n bí a bá ti dì í ní gàárì, fífò àti títàpá ló kù.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì gbó. Kó pé ọdún 3 ná, ó kéré tán. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò: bó bá yẹra, ó lè jẹ́ egbò tàbí gàárì tí kò bá a mu, kì í ṣe agídí. Bí kò bá sí ìrora, ó lè jẹ́ ọ̀já abẹ́ ikùn tí ẹ ń fà le lẹ́ẹ̀kan náà ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn gàárì, ẹ rọra gbé e lé e, ẹ fa ọ̀já dé ihò kan péré, kí ẹ fà á rìn díẹ̀ kí ẹ tó fa ihò kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn gígùn mú un yípo fún ìṣẹ́jú 15, lọ́tùn-ún àti lósì.

Ti Ojúde Ọba ọdún yìí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ìlù àti ìbọn ibẹ̀ ń dẹ́rù ba àgbà ẹṣin pàápàá. Ẹ máa lu ìlù láti òkèèrè kó máa gbọ́ ọ báyìí, kí ẹ máa sún mọ́ ọn bó bá ti ń fara balẹ̀.