Kábíyèsí: ta ni kò gbọdọ̀ bi ọba léèrè?

Ẹnì kan fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni àlàyé tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ṣe lórí rédíò, pé ìtumọ̀ "kábíyèsí" ni pé ohun tó bá wu ọba ló lè ṣe, nítorí pé òun gan-an ni òfin. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú, nítorí ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni mo sì ti kọ́ bí a ṣe ń kí ọba.

Lóòótọ́, "ká bi ọ́ kò sí" ni wọ́n súnkì di kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń sọ ọ́: ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ni kò gbọdọ̀ bi ọba léèrè ní gbangba. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bi í wà, àwọn ni ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. Bí ìwà Aláàfin bá sú ìlú, wọ́n á gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, Baṣọ̀run á sì kéde pé òrìṣà kọ̀ ọ́, ìlú kọ̀ ọ́, ilẹ̀ pàápàá kọ̀ ọ́. Ọba tó bá ṣí irú igbá bẹ́ẹ̀ wò mọ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Baṣọ̀run Gáà ṣi agbára yìí lò, òun náà sì rí ìjà ìlú ní 1774, nígbà Aláàfin Abíọ́dún.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lọ ni Ṣàngó. Bí ààrá bá sán, "Káwòó, kábíyèsí!" ni àwọn oníṣàngó ń kígbe, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé ìkíni náà dé Kúbà àti Bràsíl, níbi tí wọ́n ti ń fi kí i títí di òní. Síbẹ̀, ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé Aláàfin yìí kan náà ni ìlú kọ̀, tó fi ààfin sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi parí sí Kòso. Báwo ni a ṣe wá lè sọ pé ìkíni tó jẹ́ tirẹ̀ jù lọ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè yẹ ọba lọ́wọ́ wò?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló da nǹkan rú. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ wọn dúró gbágbáágbá lẹ́yìn Aláàfin Ládìgbòlù, tó wà lórí oyè láti 1911 sí 1944, Ọ̀yọ́ Mèsì kò lè gbé igbá fún ọba mọ́. Ọba tí kò sí ẹni tó lè bi í ní tòótọ́, àwọn òyìnbó ló fi í lé wa lọ́wọ́, àwa ni a sì ń pè é ní àṣà àwọn baba wa.