Kápúsù tàbí ìsọ̀yè: èwo ni kí n lò kí n lè rántí ohun tí mo kà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí n ṣe ìdánwò JAMB, ẹ̀ẹ̀kejì tí n óò sì ṣe é nìyí. Mo máa ń kàwé mọ́jú, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n kì í rántí nǹkan kan mọ́. Ọ̀rẹ́ mi fún mi ní kápúsù kan tí wọ́n kọ 225 sí lára páálí rẹ̀, ó ní kò ní jẹ́ kí oorun kùn mí. Bàbá mi ní àwọn á bá mi ṣe ìsọ̀yè. Èwo ni kí n lò nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń ta oògùn òyìnbó nítòsí ilé ìwé, kò sí àsìkò JAMB kan tí irú ìbéèrè yìí kì í dé iwájú mi, orúkọ kápúsù nìkan ló máa ń yàtọ̀. O ní kí n yan ọ̀kan nínú méjì, ṣùgbọ́n o ti fi sọ́kàn tẹ́lẹ̀ pé oorun ni ọ̀tá ìwé rẹ, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kí n tètè mú ti kápúsù kúrò nílẹ̀. N kò rí i, nítorí náà n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tramadol ni wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà yẹn sí lára. Oògùn ìrora líle ni tramadol, irú èyí tí dókítà ń kọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹbí kan náà sì ni òun àti morphine, oògùn ìrora tó lágbára gan-an. NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 mílígíráàmù lọ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó tà á fún ọ̀rẹ́ rẹ ti rú òfin. Ó lè mú kí gìrì gbé ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣe rí, ó sì lè fa èémí sẹ́yìn títí yóò fi dákẹ́, pàápàá bí wọ́n bá fi ọtí lé e. Má ṣe gbé e mì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí owó bébà tó nà sí mi fi ń mì lẹ́lẹ́. Ó ní òun kò tíì sùn láti ọjọ́ méjì, òun sì fẹ́ kápúsù sí i. Mo fún un ní àga àti omi, mo gba ìwé bàólójì tó há mọ́ abíyá. Gbogbo ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa kíndìnrín ló ti fi máákà kùn, kò sí ìlà kan tó yọ sílẹ̀. Mo pa ìwé náà dé, mo ní kó sọ iṣẹ́ kíndìnrín fún mi. Ó gbójú sókè, ó ń wo àjà. "Mà, ìgbà mẹ́fà ni mo ti kà á." Mo gbà á gbọ́. Ojú rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fà, kò sì sí ìgbà kan tó ní kí orí òun gbé e jáde fúnra rẹ̀.

Àkàtúnkà yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ yín jẹ. Bí o bá ti ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojú rẹ á ti mọ̀ ọ́n bí o ṣe mọ ojú ẹni tí ẹ jọ ń wọ mọ́tò ní àràárọ̀ tí o kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kúkúrú kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn kan gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé rántí nǹkan bí 56 nínú 100, àwọn tó tún un kà sì rántí 42. Ìwọ náà wo àwọn tó ń kọ́ Ifá nílẹ̀ wa: ẹnu ni ọmọ awo fi ń ké ẹsẹ Ifá níwájú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá a sì tún ibi tó bá ṣì sí ṣe. Ní ilé kéú, wọn kì í fọ wàláà ọmọdé títí tí yóò fi ka ohun tó wà lára rẹ̀ láìwò ó.

Ìsọ̀yè ńkọ́? N kò bú u, mi ò sì ní kí o yájú sí bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n n kò mọ ewé tí wọ́n fẹ́ lò tàbí ìwọ̀n rẹ̀, nítorí náà n kò lè sọ fún ọ pé kò léwu, pàápàá fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín.

Oorun ni kí o padà sí. Nígbà tí a bá sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tí a kọ́ lójúmọmọ sí ibi tí a óò ti rí i mú; ẹni tó bá kàwé mọ́jú dà bí ẹni tó ru ẹrù délé, tó sì fi í sílẹ̀ lójúde. Ẹni ọdún 14 sí 17 nílò wákàtí 8 sí 10 lóru, àgbàlagbà nílò 7 ó kéré tán. Kọfí àti obì kò sì lè rọ́pò rẹ̀: bí o bá mu kọfí ní aago mẹ́wàá alẹ́, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ lè ṣì wà lára rẹ ní aago mẹ́ta òru.

Ìbéèrè 180 ni JAMB yóò bi ọ ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gba ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, kí o máa dáhùn rẹ̀ lójoojúmọ́ láìṣí ìwé, kí fóònù rẹ wà nínú yàrá mìíràn. Èyí tí o bá gbà lónìí, tún un bi ara rẹ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tí o bá kùnà, ìyẹn nìkan ni kí o padà lọ kà.

O kò sọ fún mi bóyá o ti gbé kápúsù náà mì rí. Bí ó bá ti di ojoojúmọ́, má ṣe dá a dúró lójijì fúnra rẹ, nítorí ìyẹn náà léwu. Mú páálí rẹ̀ dání, kí o lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, kí o má sì parọ́ iye tí o ti lò fún un.