Ṣé òróró efínrín lè wo irorẹ́ ojú ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá apòògùn. Badagry ni mo ń gbé. Irorẹ́ ti bo ojú ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16. Ẹnìkan tó ń ta òróró ní ọjà Àgbálátà ní kí n po òróró efínrín mọ́ òróró àgbọn, kí ọmọ náà máa fi pa ojú lálaalẹ́. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá. Ẹni tó dárúkọ efínrín fún yín kò ṣì yín lọ́nà. Òróró àgbọn tó ní kí ẹ pò ó mọ́ ni n kò fara mọ́.

Nígbà tí ọ̀rá ara àti awọ tó ti kú bá dí ihò tí irun ń gbà hù, bakitéríà tí à ń pè ní Cutibacterium acnes a gbilẹ̀ níbẹ̀, ojú ihò náà a wú, a sì gba ọyún. Òróró efínrín lè pa bakitéríà yìí, ṣùgbọ́n òróró àgbọn tún lè dí ihò náà pa. Mo mọ̀ pé ará Badagry kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àìdáa nípa àgbọn, èmi náà sì ń fi í pa ẹsẹ̀, àmọ́ ojú tó ní irorẹ́ kọ́ ni àyè rẹ̀.

Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ìwádìí tí àwọn onímọ̀ oògùn ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2002, ìpara tó ní òróró efínrín ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún dín irorẹ́ kù kíákíá ju benzoyl peroxide, oògùn irorẹ́ tí wọ́n sábà máa ń lò, lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé ìdá 5, ó ń ta awọ. Ìdá 2 yẹn ni ṣíbí òróró kan nínú ṣíbí ìpara 49. Oru omi gbígbóná ni wọ́n fi ń yọ òróró náà lára ewé, ewé púpọ̀ ló sì ń mú díẹ̀ jáde. Ìdí nìyí tí kò fi bá omi ewé tí a gún dọ́gba, tí ògidì rẹ̀ sì lè jó ojú. Lára awọ dúdú bíi tiwa, àpá ìjóná a máa pẹ́ ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ ra ìpara tí kò lọ́ràá, tí wọ́n kọ ìwọ̀n òróró sí lára. Kí ó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá fún ọjọ́ méjì. Bí kò bá yún un, kí ó máa fi pa ojú lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Bí irorẹ́ náà bá le, tó ń dun ún, tó sì ń gbẹ́ ojú, dókítà awọ ara ni kí ẹ mú un lọ bá. Ẹ sì wo ìpara tó ń lò báyìí, pàápàá èyí tó ń bóra, nítorí steroid, oògùn líle kan tó máa ń wà nínú wọn, a máa fa irorẹ́.