Èsì: Kí ló dé tí àwọn sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà yí ìbò padà lórí òfin ológunfẹ̀yìntì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló mú àwọn sẹ́nétọ̀ Republican tó dìbò fún òfin PACT ní oṣù kẹfà ọdún 2022 tún kọ̀ ọ́ ní oṣù keje. Owó ni wọ́n sọ pé ó fà á.

Òfin yìí wà fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fa èéfín olóró símú ní Ìráàkì àti Afganisítánì. Kòtò ńlá ni wọ́n ń da ìdọ̀tí bárékè sí, ike, bátìrì, oògùn, wọ́n á da epo ọkọ̀ òfurufú lé e, wọ́n á sáná sí i. Ìbò 84 sí 14 ló kọ́kọ́ gbé e wọlé. Nígbà tó padà dé láti ilé aṣòfin kejì, 55 sí 42 ló rí, kò pé 60 tó ń fẹ́ kó tó lè tẹ̀síwájú. Pat Toomey, sẹ́nétọ̀ Republican nígbà náà, ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò owó òfin náà máa yọ nǹkan bíi 400 bílíọ̀nù dọ́là láàárín ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ìnáwó tí wọ́n ń jíròrò lọ́dọọdún, àyè á wá ṣí fún ìnáwó mìíràn. Toomey ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o, láti oṣù kẹfà ló ti kọ̀ ọ́. Àwọn tó kù ni mi ò gbà gbọ́: ṣé wọn ò rí ìṣirò náà nígbà yẹn ni? Àwọn Democrat ní àdéhùn ìnáwó tí Schumer àti Manchin, sẹ́nétọ̀ Democrat méjì, jọ ṣe ló ń bí àwọn Republican nínú.

Àwọn ológunfẹ̀yìntì sùn sórí àtẹ̀gùn ilé aṣòfin. Ní 2 oṣù kẹjọ, òfin náà wọlé, 86 sí 11.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì bàbá yín tó ṣe sójà, tó wà ní Ìkọ̀lé, tí ẹ tún béèrè, ẹ má wá PenCom lọ, àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà. Láti 2011 ni wọ́n ti yọ sójà kúrò níbẹ̀. Military Pensions Board ni kí ẹ bá. Kí wọ́n fi ìwé wọn sínú ọ̀rá o, òjò ò mọ ọ̀gá sójà.