Ẹ má kọ orúkọ ẹni tí kò dá owó

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun o. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, oṣù kẹta rèé tẹ́ ẹ ti wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀gá yín sì ní kẹ́ ẹ wá máa ṣe kòkáárí ìdáwó CFC nínú ọ́fíìsì yín, ìyẹn owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń dá fún àwọn àjọ aláàánú lọ́dọọdún. Ẹ fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ máa gba owó náà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ti ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ tí ìlú yín fẹ́ gbẹ́ bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ní Maryland lọ́dún 2013. Díẹ̀ ló kù kó gba oúnjẹ lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé. Ìsọmọlórúkọ ni o, òkú àgbà ni o, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni o, ẹnì kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú jọ́tà àti bírò. Bí èèyàn bá ṣe ń fi owó sílẹ̀ ló ń kọ orúkọ rẹ̀. Tó bá yá, alága ìjókòó á gba máíkì, á ní, "Lágbájá àti ìdílé rẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà!" Àwọn onílù á sì kọjú síbẹ̀. Ẹni tí wọn ò dárúkọ náà mọ̀ pé wọn ò dárúkọ òun, aládùúgbò rẹ̀ náà sì mọ̀.

Bí mo ṣe gbé jọ́tà jáde ní Maryland nìyẹn. Ojú ìwé kan, ìlà méjì: àwọn tó ti dá a, àwọn tí kò tíì dá a. Bébà la ṣì ń lò nígbà yẹn. Ẹlòmíì á kọ iye tí wọ́n á máa yọ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ẹlòmíì á kó owó tàbí ṣẹ́ẹ̀kì lé wa lọ́wọ́. Mo yí ọ́fíìsì náà ká lẹ́ẹ̀mejì. Inú ọ̀gá mi dùn, ó ní òun fẹ́ kí ẹ̀ka tiwa pé, kó má ku ẹyọ ẹnì kan. Ló bá gùn mí. Mo tẹ orúkọ gbogbo wa jáde lórí kọ̀ǹpútà, mo sàmì síwájú àwọn tó ti dá owó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí.

Ọdún yẹn kan náà ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ò fẹnu kò lórí ìnáwó, tí wọ́n ti ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìjọba pa fún ọjọ́ 16 nínú oṣù kẹwàá. Wọ́n padà san owó tí wọ́n jẹ wá, àmọ́ háọ́ọ̀sì rẹ́ǹtì kì í dúró de Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Obìnrin kan tó jókòó ní tábìlì kejì sí mi wà lára àwọn tí mi ò sàmì sí. Ìjọba kan náà lòun àtọkọ rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ fún. Kò bá mi jà, kò tiẹ̀ fajú ro sí mi. Ọ̀dọ̀ lọ́yà tó ń rí sí ìwà òṣìṣẹ́ ló gbà lọ.

Lọ́yà náà pè mí wọlé, ó ti ìwé òfin síwájú mi, 5 CFR 950.108, ó ní kí n kà á sókè. Àfi bíi pé wọ́n dúró sẹ́yìn mi kọ ọ́. Ọ̀gá ò gbọdọ̀ tọrọ owó yìí lọ́wọ́ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ béèrè bóyá èèyàn dá a tàbí kò dá a, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ iye tó dá. Wọn ò gbọdọ̀ fi í ṣe góńgó pé gbogbo òṣìṣẹ́ pátá ló máa dá a. Wọn ò gbọdọ̀ bu iye lé ẹnikẹ́ni lórí. Wọn ò gbọdọ̀ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tí kò dá owó, ká tó wá sọ pé wọ́n ń lò ó. Mo ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, bóyá á yí padà.

Ọ̀gá mi gba ìwé ìbáwí. Èmi ní tèmi, ìkìlọ̀ ni wọ́n fún mi torí mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì gba iṣẹ́ kòkáárí náà lọ́wọ́ mi. Mo lọ bẹ obìnrin náà. Ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tóun ti ń fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀kan lára àwọn àjọ yẹn láti ilé òun, òun kàn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni níbi iṣẹ́ mọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ti lọ́yà lọ.

Ẹ má rò pé torí àwa tá a ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ṣe òfin yìí o. Àwọn fúnra wọn ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó di ọdún 1961 tí Ààrẹ Kennedy fọwọ́ sí àṣẹ tó to ọ̀rọ̀ ìdáwó yìí, ṣe ni àwọn àjọ aláàánú ń ya wọ ọ́fíìsì ìjọba lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń bu iye fún ẹ̀ka àti fún èèyàn, àwọn ọ̀gá ń fúngun mọ́ ọmọ iṣẹ́. Síbẹ̀ ṣéńjì ni wọ́n ń rí kó níbòmíì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Iléeṣẹ́ OPM, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó o, CFC nìkan sì ni ìdáwó àjọ aláàánú tí wọ́n fàyè gbà láàárín òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àyàfi tí OPM bá fúnni láyè nítorí àjálù. Oúnjẹ inú agolo, aṣọ àti nǹkan ìṣeré ọmọdé yàtọ̀. Iléeṣẹ́ yín lè gbà kí wọ́n gbé páálí wọn sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá rí i pé iṣẹ́ tiyín ò le. Ẹ kó wọn jọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣàlàyé, ẹ fi ibi tí wọ́n ti máa ṣe é hàn wọ́n, ẹ padà sí tábìlì yín. Láti ọdún 2017, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, kálukú á wọlé fúnra rẹ̀, á mú àjọ tó wù ú, ó tiẹ̀ lè yọ̀ǹda wákàtí tó máa fi ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ dípò owó. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti omi ìlú yín: rárá o, ẹ má fi kún un. Àjọ tó bá máa wọ CFC gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí IRS, iléeṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà, gbà sí ìsọ̀rí 501(c)(3), ìyẹn ìsọ̀rí àwọn àjọ aláàánú, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ̀wé wọlé, wọ́n á sì yẹ ìwé owó rẹ̀ wò. Ìwé CAC láti Nàìjíríà ò lè ṣe é. Ẹ má sì fi ímeèlì iṣẹ́ yín tọrọ rẹ̀, kódà lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ yín.

Lọ́jọ́ Sátidé, nílé àpèjẹ ẹgbẹ́ ìlú, ẹ lè tọrọ dé ibi tí ohùn yín bá gbé e dé. Àmọ́ ẹ má tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó wà lábẹ́ yín níbi iṣẹ́, tàbí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń wá kọ́ńtíráàkì lọ́dọ̀ ọ́fíìsì yín, ẹ má sì fi oyè iṣẹ́ yín tọrọ. Òfin mìíràn lèyí, 5 CFR 2635.808. Ẹ yáa tètè bá MC sọ̀rọ̀ o, torí bó bá ti rí yín báyìí, "ọ̀gá àgbà nínú ìjọba Amẹ́ríkà" ni yóò máa pariwo kó tó sọ iye tẹ́ ẹ̀ ń wá.

Ìdáwó láti ra ẹ̀bùn fún ọ̀gá tún wà. Tó bá jẹ́ pé ó gbéyàwó, ó bímọ, ó ń ṣàìsàn tàbí ó ń fẹ̀yìn tì, ẹ lè dá owó díẹ̀ jọ. Ẹni tó ń gbà á lè dá iye kan lábàá, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ pé èèyàn lè mú èyí tó kéré sí i wá, tàbí kó má mú nǹkan kan wá. Ti Kérésìmesì, ohun tí kò ju dọ́là 10 lọ, kó má sì jẹ́ owó.

Tí ọ̀gá bá wá dúró síwájú tábìlì yín lọ́jọ́ kan, tó rẹ́rìn-ín, tó ní ta ló kù tí kò tíì dá owó, ẹ sọ fún un pé ẹ ò mọ̀. Kó sì jẹ́ òótọ́ pé ẹ ò mọ̀.